Màmá Gbé Ọmọ fún Ẹni Tí Wọn Kò Wò Lójú

Òórùn ẹ̀wà tó ń jóná ló jí Rufus láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó sáré dé ilé ìdáná, ó bá ìkòkò tó ti gbẹ lórí iná, ó sì bá ìyá rẹ̀ lórí àpótí nídìí ìkòkò náà gan-an. Wọ́n gbé fóònù ka itan, wọ́n ki okùn rẹ̀ bọ etí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Èéfín ti gba gbogbo ilé. Omi ń dà lójú wọn nítorí èéfín náà, wọ́n ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún, wọ́n sì ń wo ohun tí wọ́n ń wò lọ.

Rufus pa iná, ó dọ̀bálẹ̀, ó kí wọn. Wọ́n juwọ́ sí i pé kó ní sùúrù, wòlíì ń gbàdúrà lọ́wọ́ nínú fóònù.

Ta ni yóò bá ìyá tó bí i wí nítorí ẹ̀wà? Rufus gbé ìbínú rẹ̀ kúrò ní ilé ìdáná, ó gbé e lọ bá ìyàwó rẹ̀ ní yàrá. Morónikẹ́ ti wọṣọ iṣẹ́, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ń fún Ọlámipọ̀sí lọ́mú. Ìsinmi ìbímọ ti parí. Òní ni yóò padà sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti ń kọ́ àwọn ọmọdé, ní Olódò níbẹ̀ náà, kò jìnnà sílé. Rufus bi í pé ṣé imú rẹ̀ dí ni, tí odidi ìkòkò ẹ̀wà fi jóná mọ́ wọn lórí.

"Bàbá Pọ̀sí, ta ló jókòó ti ìkòkò?"

Rufus wo ilẹ̀.

"Ẹ bá Màmá sọ̀rọ̀," ni Morónikẹ́ wí. "Bí èmi bá sọ ọ́, wọ́n á ní ìyàwó ń lé ìyá ọkọ. Bí ẹ̀yin bá sọ ọ́, ìyá àti ọmọ lẹ jẹ́. Kì í ṣe ẹ̀wà ló ń dùn mí. Ọmọ mi ni mo ń fi sílẹ̀ lónìí."

Rufus ní òun yóò sọ ọ́ bí òun bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ohun tó ti ń sọ láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Òun náà ń tẹ fóònù tirẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣi Màmá mú o. Ìyá rere ni Fẹ̀yìntọlá, ìyá Rufus. Oko ẹ̀gẹ́ wọn ní Lálùpọn ni wọ́n fi sílẹ̀ fún èpò, tí wọ́n wá wẹ ọmọ, tí wọ́n fi omi gbígbóná jó ìyá ọmọ lára títí ara rẹ̀ fi padà bọ̀ sípò. Tolúlọpẹ́, ọmọbìnrin wọn tó wà lókè òkun, ló fi fóònù ńlá náà ránṣẹ́ kó lè máa rí ojú ìyá rẹ̀. Ìfẹ́ ló gbé e wọlé. Àdúrà ni Màmá kọ́kọ́ ń gbọ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn àdúrà ó kan egbòogi, lẹ́yìn egbòogi ó kan sinimá, lẹ́yìn sinimá ó kan ìjà tọkọtaya kan tí Màmá kò mọ̀ rí, tí wọn kò sì ní í mọ̀ láéláé. Ọbẹ̀ tó dùn, bópẹ́bóyá ìkòkò á gbẹ, ẹnu á sinmi. Ti fóònù kì í gbẹ. Màmá kì í sùn dáadáa mọ́, ojú wọn pọ́n bí ojú alágbẹ̀dẹ. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ síwájú wọn, á tutù tán kí wọ́n tó rántí pé wọn kò tíì jẹun.

Gift onídìrí, tó ní ìsọ̀ ìdírun sí iwájú ilé, máa ń sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé Màmá Rufus ti wọ inú fóònù lọ, ó ku kí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́rí. Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń sọ ọ́ ki fóònù bọ àyà, ẹni tó ń dirun di tirẹ̀ mú lọ́wọ́, orí nìkan ló yá Gift.

Morónikẹ́ kúnlẹ̀ kó tó máa lọ. Ó ní òun fi Pọ̀sí sílẹ̀ fún wọn, òun á wá fún un lọ́mú nígbà ìsinmi ọ̀sán. Màmá yọ okùn kúrò létí, wọ́n gba ọmọ, wọ́n fi ọwọ́ pa orí ìyàwó wọn. "Máa lọ, ìyàwó mi. Ọkàn ẹ balẹ̀." Òótọ́ inú wọn ni wọ́n sọ. Morónikẹ́ kọrin sétí ọmọ rẹ̀ kó tó jáde:

Pọ̀sí mi, Pọ̀sí ọlá,
Ìyá ń relé-ìwé, ìyá ń bọ̀,
Ọmú ń bọ̀ lọ́sàn-án gangan,
Má sunkún o, olólùfẹ́ mi.

Oòrùn ò tíì mú rárá tí Màmá fi pọn ọmọ sẹ́yìn, tí wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí wọ́n sì ki okùn padà bọ etí. Ó ku díẹ̀ kí ọ̀sán pọ́n, ibẹ̀ ni Muhsinah ti bá wọn.

Muhsinah, ìyàwó Luqman ọlọ́kadà, kò tíì pẹ́ ní àdúgbò. Yàrá kan ni wọ́n gbà sí ilé kejì. Ó mú ike ata lọ́wọ́, ó kúnlẹ̀, ó kí Màmá kú ìsinmi. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun bá wọn pọn ọmọ díẹ̀ kí ẹ̀yìn wọn lè simi.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí: àṣà wa ni, ó sì dára. Ọmọ kì í ṣe ti ẹnì kan. Aládùúgbò tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀ á gba ọmọ pọ̀n kí ìyá ọmọ lè fọṣọ, kó lè dáná, kó tiẹ̀ lè fẹ̀yìn lélẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ púpọ̀ nínú wa. Ohun kan ṣoṣo ni àṣà yẹn ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tú ọmọ sílẹ̀: kó wo ojú ẹni tó ń gbà á.

Màmá fi ọwọ́ kan tú ọ̀já. Ọwọ́ kejì di fóònù mú. "Káre, ọmọ mi," ni wọ́n wí, ojú wọn kò kúrò lójú kan.

"Màmá, n ó pọ̀n ọ́n dé ìdí ẹ̀rọ o. Ata ni mo fẹ́ lọ lọ̀."

"Hẹ̀n-ẹ́n. Àmín. Àmín."

Àmín yẹn, wòlíì ni wọ́n ń ṣe é fún. Muhsinah dúpẹ́, ó gba ọmọ pọ̀n, ó fa híjáàbù rẹ̀ gígùn bo orí ọmọ nítorí oòrùn, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Fóònù tirẹ̀ wà nílé, ó ń gba iná.

Nígbà ìsinmi ọ̀sán, Morónikẹ́ dé, ọmú rẹ̀ ti kún, wàrà ti rin aṣọ rẹ̀ níwájú. Ó bá Màmá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Màmá, Pọ̀sí ńkọ́?"

Màmá na ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tó fẹ́ rọra gbá ọmọ nídìí. Ọwọ́ wọn kan aṣọ lásán.

"Ẹnì kan ti gbà á pọ̀n," ni wọ́n wí.

"Ta ni?"

"Ó kí mi. Ohùn ọmọbìnrin ni."

"Ọmọbìnrin wo, Màmá?"

Fóònù jábọ́ láti itan Màmá, ó dojú dé ilẹ̀, wòlíì ṣì ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ rẹ̀.

Ẹlòmíràn ì bá figbe ta. Morónikẹ́ kò figbe ta. Ó mú ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kí àwọn onílé kó tó béèrè, àfi bí ẹni tó wá tọrọ iyọ̀. Ọ̀pọ̀ ló wà nínú ilé, kò sì sí èyí tó rí nǹkan kan. Ojú àwọn náà wà níbi tí ojú Màmá wà. Ó kan ìlẹ̀kùn yàrá Muhsinah, kò sẹ́ni tó dáhùn.

Gift ní kó jẹ́ kí òun gbé àwòrán ọmọ sórí fóònù, kíá ni gbogbo ayé á mọ̀. Inú rere ló fi sọ ọ́. Ó fi àwòrán ọjọ́ ìkómọ síta, ó kọ ọ́ pé ọmọ sọnù ní Olódò. Ẹni àkọ́kọ́ tó gbà á fi kún un pé wọ́n jí i gbé ni. Ẹlòmíràn rántí pé òun rí obìnrin oníhíjáàbù kan tó ń yára kọjá, ó fi ìyẹn náà sí i. Kò sí èyí tó mọ̀ pé irọ́ lòun ń pa. Oníkálukú kàn fi iyọ̀ tirẹ̀ sọ́bẹ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá rìn fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Àgbà tó pa òwe yẹn kò rí fóònù rí.

Lójú fóònù ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọ́fíìsì ni Rufus ti rí ọmọ ara rẹ̀. Ó pe Morónikẹ́. Kò bi í bóyá wọ́n ti rí ọmọ. Ó ní òun ti mọ̀ pé iṣẹ́ tíṣà yẹn á fa nǹkan. Morónikẹ́ gbọ́ ọ tán, ó ní kó máa bọ̀ nílé, ó sì pa fóònù. Kò tíì sọ ọ́ sápò tí ọmọdé kan fi sáré dé pé wọ́n ti mú ajọ́mọgbé náà ní ìdí ẹ̀rọ ata.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ rèé. Èrò pọ̀ nídìí ẹ̀rọ, Muhsinah sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń retí kó kàn án, ó ń rọra mi ara fún ọmọ tó ti sùn. Sanmí, tó ń tún fóònù ṣe ní ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àwòrán ọmọ náà. Ó gbórí sókè, ó rí ẹsẹ̀ ọmọ tó yọ lábẹ́ híjáàbù. Ó bi Muhsinah pé ọmọ ta ni. Muhsinah ní ọmọ ilé kejì ni. Wọ́n ní kó pe ìyá ọmọ lórí fóònù. Ó ní fóònù òun wà nílé. Láyé tí a wà yìí, ẹni tí kò ní fóònù lọ́wọ́, ta ni yóò jẹ́rìí rẹ̀? Ọ̀kan fà á lápá, ọ̀kan fa híjáàbù, ó ya. Ata dà sílẹ̀. Nígbà tí Muhsinah rí i pé wọ́n fẹ́ máa já ọmọ gbà lẹ́yìn òun, ó yí i wá síwájú, ó jókòó sílẹ̀, ó ká ara rẹ̀ bò ó bí adìyẹ. Wọ́n ń lu ẹ̀yìn rẹ̀. Kò gbé ọwọ́ kan sókè láti fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀, nítorí ọwọ́ méjèèjì ló fi di ọmọ ọlọ́mọ mú. Ẹnì kan ń béèrè ibi tí pẹtiróòlù wà. Sanmí na fóònù sókè, ó ń ká fídíò.

Bẹ́ẹ̀ ni Morónikẹ́ ṣe bá wọn. Bàtà kan ti bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lọ́nà. Ó gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ lábẹ́ obìnrin náà, ó sì mọ obìnrin náà. Kò kọ́kọ́ já ọmọ gbà. Ó jókòó sínú ata pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó na apá méjèèjì, ó gbá Muhsinah àti ọmọ mọ́ra.

"Èmi ni mo gbé ọmọ mi fún un," ló wí. "Ẹni tó bá tún fẹ́ lù ú, kó ti ara tèmi bẹ̀rẹ̀."

Ọkùnrin kan bi í pé ṣebí àwọn ará ilé rẹ̀ ló ní ọmọ sọnù. Morónikẹ́ mọ èsì. Bó bá sọ ọ́, orúkọ ìyá ọkọ rẹ̀ ni yóò dà síta láàárín ọjà. Ó gbé e mì bí àgúnmu, ó tẹ orí ba, ó fẹ́ kí ẹ̀bi náà jẹ́ tirẹ̀.

Màmá ló wá la èrò kọjá, wọ́n ń mí gúlegúle, gèlè ti bọ́ sọ́rùn.

"Ìyàwó mi ń purọ́ nítorí tèmi," ni wọ́n wí. "Èmi ni mo tú ọmọ lẹ́yìn. Ìgbà tí mo gbọ́ ìdí ẹ̀rọ ni mo tó rántí. Ọmọbìnrin yìí kúnlẹ̀ fún mi, ó kí mi, ó sọ ibi tó ń lọ fún mi. N ò gbójú sókè. Tó bá jẹ́ ẹni tí ẹ máa lù lẹ ń wá, mo ti dé."

Láti ẹ̀yìn èrò, ẹnì kan tí kò fẹ́ kí wọ́n mọ òun sọ ọ́ pé àgbà wà lọ́jà, orí ọmọ tuntun wọ́.

"Òótọ́ lo sọ," ni Màmá dá a lóhùn.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í túká, ọ̀kan, ọ̀kan. Ẹni tó ń wá pẹtiróòlù ló kọ́kọ́ lọ. Ibẹ̀ náà ni Morónikẹ́ ti gba ọmọ, tó sì ki ọmú bọ̀ ọ́ lẹ́nu, Muhsinah fẹ̀yìn tì í.

Rufus dé ilé pẹ̀lú ariwo. Ó rí ọmọ, ó gbé e, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í bá Morónikẹ́ wí pé kó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́la. Màmá ní kó dákẹ́. Wọ́n ní bó bá ní ìbínú lọ́wọ́, kó yí i sí apá ibi tí àwọn jókòó sí, kó sì ṣe é lójú àwọn. Rufus gba omi tí Morónikẹ́ bù fún un, ó mu ún.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, gbogbo wọn lọ bẹ Muhsinah nílé. Màmá kúnlẹ̀. Muhsinah sáré kúnlẹ̀ ju ìkúnlẹ̀ wọn lọ, ó di ọwọ́ wọn mú, ó ní kí wọ́n má fi èpè sí òun lọ́rùn, ìyá kì í kúnlẹ̀ fún ọmọ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan ti wú. Luqman ọkọ rẹ̀ dúró ti ògiri. Kò pariwo. Ó na fóònù rẹ̀ sí wọn, wọ́n sì rí Muhsinah níbẹ̀, lórí ilẹ̀, híjáàbù yíya, tí wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ajọ́mọgbé.

"Ẹ ti bẹ̀ wá, a ti gbà," ni Luqman wí. "Ṣùgbọ́n àwọn tó rí èyí kò rí ìkúnlẹ̀ yín, Màmá. Láti ọ̀sán ni àwọn ọlọ́kadà ẹgbẹ́ mi ti ń pè mí láti Ìwó Road. Báwo ni ìyàwó mi ṣe máa jáde lọ́la?"

Rufus jókòó síbẹ̀, ó kọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó fi ránṣẹ́ sí gbogbo ibi tó mọ̀. Gift náà kọ tirẹ̀. Ìwọ̀nba ló kà á. Ẹnì kan fèsì pẹ̀lú àwòrán ẹ̀rín, àwọn tó kù ṣì ń pín fídíò.

Màmá dìde. Wọ́n padà sílé, wọ́n bọ́jú, wọ́n tún gèlè wé, wọ́n sì mú agogo tí wọ́n fi ń wàásù ìdájí ní ìjọ Kérúbù, wọ́n padà wá bá Muhsinah àti ọkọ rẹ̀. Wọ́n ní fídíò ti lọ ibi tó lọ, àwọn kò lè sáré bá a, ṣùgbọ́n ibi tí ẹsẹ̀ àwọn bá ká ní Olódò, àwọn á dé ibẹ̀. Wọ́n na ọwọ́ sí Muhsinah. Luqman wo agogo ìjọ, ó wo ìyàwó rẹ̀.

"Agogo ni," ni Muhsinah wí. "Ó kàn ń dún ni." Ó sì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú nítorí ó ń dùn ún. Ó wọ híjáàbù mìíràn, ó tẹ̀lé wọn. Luqman náà ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹ ì bá wà níbẹ̀ kí ẹ rí i. Ìyá arúgbó níwájú pẹ̀lú agogo, ọmọbìnrin oníhíjáàbù lọ́wọ́ ọ̀tún wọn, Morónikẹ́ lẹ́yìn pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Orin bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́nu Màmá, ó ń dá ara rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́sẹ̀, Morónikẹ́ ń gbè é:

Mo tú ọmọ lẹ́yìn, n ò wojú ẹni,
— Ẹ wojú ẹ̀, ẹ wojú ẹ̀ o.
Ẹni tó fẹ̀yìn gba kùmọ̀ fọ́mọ ọlọ́mọ,
— Ẹ wojú ẹ̀, ẹ wojú ẹ̀ o.
Òun lẹ pè ní ajọ́mọgbé,
— Ẹ wojú ẹ̀, ẹ wojú ẹ̀ o.
Muhsinah lorúkọ, ọmọ wa ni,
— Ẹ wojú ẹ̀, ẹ wojú ẹ̀ o.

Ilé tí wọ́n bá dé, àwọn ènìyàn á yọjú. Àwọn mìíràn tẹ̀lé wọn. Kí wọ́n tó dé ìdí ẹ̀rọ ata, ègbè ti pọ̀ ju lílé lọ, àní Gift ti pa ìsọ̀ tì, ó ń gbè é.

Nídìí ẹ̀rọ, ohun tí àwọn tó wà níbẹ̀ kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n na fóònù sókè láti ká a. Màmá dá agogo dúró.

"Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Ojú ni kí ẹ fi wò ó."

Fóònù kan lọ sílẹ̀. Òmíràn tẹ̀lé e. Muhsinah dúró láàárín wọn pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ wíwú, ó ń wo oníkálukú wọn padà títí ojú rẹ̀ fi kan Sanmí. Ti Sanmí ló kẹ́yìn. Ó sọ fóònù sápò, ó wo ilẹ̀, ó ní kí àǹtí máà bínú.

"Gbójú sókè," ni Muhsinah wí fún un.

Sanmí gbójú sókè.